Ìkòkò Etí

Kí n tó mọ máìkì, àmù ni mo kọ́kọ́ kọrin sí.
Ní Dáda, l'Ókèléle, lẹ́yìn ilé wa,
níbi tí Ìyá máa ń to ìkòkò tútù sí kí wọ́n tó sun ún,
màá ki orí bọ ẹnu èyí tó tóbi jù,
màá ní "Háà,"
ohùn mi á padà wá bá mi, á ti dàgbà jù mí lọ.
"Múínátù," Ìyá á ní, "tí o bá fi orí fọ́ ọ,
orí náà ni n ó gbé lọ tà."

Nígbà tí mo di olórin, kò sí àmù lórí pèpéle.
Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń bo etí kan,
bí ẹni tí wọ́n gbá létí, tó ń wá ibi tó ti ń dùn ún.

Lẹ́yìn náà ni Gàníyù onímáìkì gbé àpótí pákó kan dé,
ó gbé e síwájú ẹsẹ̀ mi, ó dẹ ojú rẹ̀ sókè
bí ajá tó ń wo ẹni tó ń jẹun.
"Ìwọ nìkan lèyí ń bá sọ̀rọ̀."
Irọ́.
Onígìtá ní kí wọ́n fi kún tòun,
onídùùrù ní kí wọ́n fi kún tòun,
ẹni tó ń lu dúrọ́ọ̀mù kò bèèrè, ó ṣáà ń lù.
Mo bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú máìkì lọ́wọ́, àpótí hu,
ìhu tó gún orí wọlé bí abẹ́rẹ́;
ọmọ wólímọ̀ tó jókòó jẹ́ẹ́ lórí àga bú sẹ́kún.

Ọdún méjìdínlógún ni mo fi kọrin fún ajá yẹn.
Lóru ọjọ́ kan mo délé, ilé pa lọ́lọ́,
kòkòrò kan ń ké.
Mo ní kí ọmọ wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Ó wá a títí, ó tan iná, ó gbé ẹní.
Etí òsì mi ló wà.
Kò tíì sùn títí di òní.

Kàmáldíìn, ọmọ àbúrò mi, ní ṣọ́ọ̀bù ní Tánkẹ̀,
ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń ta sìmẹ́ǹtì.
Ó ní ohun tí wọ́n ṣe fún adití
làwọn olórin òkè òkun yá lò, kí wọ́n má baà dití.
Ó ní ẹ̀rọ tó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí i tóbi nígbà kan bí àpótí aṣọ,
pé owó rẹ̀ á ra mọ́tò;
nísinsìnyí, ọ̀kan fún ohùn ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún tòkè,
inú ohun tí kò ju ẹ̀pà lọ ni wọ́n jọ ń gbé.
Ó fi òwú dí mi létí, ó po nǹkan pupa kan,
ó fi síríńjì tì í wọlé.
Ó tutù. Ó kún. Ayé lọ.
Nígbà tó fà á yọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́:
kọ́lọ́fín ara mi tí n kò rí rí,
ó lọ́ bí ìgbín tó ń yọjú.
Ẹ wo ìdílé wa. A ò tíì kúrò nídìí mímọ.

Ní Ṣááré ni mo kọ́kọ́ fi wọ́n kọrin.
Ohùn mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò bínú, kò pariwo,
mo ń gbọ́ bí mo ṣe ń mí.
Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn iwájú ń yanu bí ẹja inú agbada.
Mo na ọwọ́ sí Kàmáldíìn. Ó kọ máìkì kan sí wọn.
Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́:
arúgbó kan ń wúkọ́,
ọmọ kan ní òun fẹ́ mu omi.

Ojú Ìyá ti ṣú báyìí. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.
"Kí lo fi dí etí?"
"Ìkòkò ni, Ìyá."
Ó gbà á, ó fi èékánná kàn án lẹ́ẹ̀mejì,
bó ṣe máa ń dán ìkòkò wò bóyá ó sán,
ó dẹ etí sí i.
"Ó jiná," ó ní.