Orúkọ Tó Kàn

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Olùṣọ́àgùntàn lọ sí Kàbà,
ìjọ márùn-ún ló ń pín òjíṣẹ́ kan ṣoṣo
bí ẹja inú ọbẹ̀ ọjọ́ ìyàn.
Bí ọ̀nà bá dára, a ń rí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù.
Bí wọ́n bá tún gbé èèyàn lọ́nà,
a kì í retí rẹ̀ mọ́, àdúrà la máa ń gbà fún un.

Ni akọ̀wé ìjọ bá lẹ bébà kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbèsè ìkórè tí a kò tíì san tán:
orúkọ wa, ọjọ́ wa, ẹsẹ Bíbélì tó kan kálukú.

Tíṣà Jẹ́mírìn ló kọ́kọ́ wàásù.
Ìwé rẹ̀ nípọn bí búrẹ́dì.
Ó bi wá ní ìbéèrè, ó sì dúró de ìdáhùn.
Kó tó dé "ní ìparí,"
ọmọ ẹ̀yìn Àárínọlá ti sùn, ó ti jí, ó ti tún sùn.

Olóbáyọ̀ wẹ́dà kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ.
"Èmi tí mò ń ṣe ilẹ̀kùn fún gbogbo Ìsánlú,
ilẹ̀kùn yàrá mi ti já láti oṣù kìíní.
Òkúta ni ìyàwó mi fi ń dí i lálẹ́.
Ẹ bá mi rò ó."
Ó jókòó.
A bá a rò ó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Màmá Mẹ́dúpin kò mọ̀wé.
Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló bá a ka ti opó àti òróró,
màmá dá a dúró láàárín ẹsẹ:
"Padà sẹ́yìn. Kí ni wòlíì ní kó lọ yá?"
"Ìkòkò, Màmá. Lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò."
"Ẹ ṣé é gbọ́? Ìkòkò òfìfo lásán.
Lọ́dún tí ọkọ mi kú, ta ló yá mi nínú yín?"
Kò sẹ́ni tó wúkọ́.
Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti dárí jì yín.
Àmọ́ mo kà yín o."

Ọ̀sẹ̀ kẹrin kàn mí.
Mátíù orí karùn-ún: ẹ̀bùn, pẹpẹ, arákùnrin.
Akọ̀wé ní òun kàn ń tò ó tẹ̀léra ni.
Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé èmi àti Mẹ́tìbọ́bà ẹ̀gbọ́n mi
kò kí ara wa láti ìgbà káṣú èṣín,
nítorí igi mẹ́tàdínlógún tó wà lójú ààlà,
igi tí bàbá wa gbìn láì ronú pé a lè jà?

Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo yá ìwé Tíṣà wò.
Mo kà á dé ibi tí a ti ní kí o gbé ẹ̀bùn kalẹ̀ ná,
ohùn mi bá há.
Mo wo bẹ́ńṣì kẹta lọ́wọ́ ọ̀tún. Kò sí níbẹ̀.
Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń wo bàtà rẹ̀.
Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n dé ibì kan."
Wọ́n ní lẹ́yìn tí mo jáde, ìjọ kò mọ̀
bóyá kí àwọn kọrin ni, àbí kí àwọn gba ọrẹ.

Ẹ̀yìnkùlé ló wà, ó ń ṣánko.
"Ọ̀kun o."
"Ọ̀kun."
Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń kí ẹni tó ń yọ̀,
òun la sì fi ń kí ẹni tí nǹkan ṣe.
N kò mọ èwo ló fún mi.
Mo dúró. Àdá rẹ̀ kò dúró.
"Ìwàásù ti parí ni?"
"Mo fi í sílẹ̀ láàárín."
"Hẹn." Ó ṣán ibì kan lẹ́ẹ̀mejì.
"O kò parí nǹkan rí láyé rẹ."
Ó fi ẹnu tọ́ka sí ìkòkò omi.
Mo bu omi mu. Kò sẹ́ni tó dárúkọ igi.

Ọjọ́ Ẹtì, mo lọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.
Lábẹ́ orúkọ mi tí wọ́n ti fi bírò fagi lé,
ẹnì kan ti kọ "Mẹ́tìbọ́bà,"
ọwọ́ ìkọ̀wé wíwọ́ tí mo ti mọ̀ láti pírámárì.
Kò kọ ẹsẹ Bíbélì kankan sí i.
Mo rọra ṣí ilẹ̀kùn
kí afẹ́fẹ́ má baà fa bébà náà ya.