Ìdajì Ọsàn

Ní Sàmárù, ní kíláàsì tí fáànù rẹ̀ ń han bí ẹyẹ tó há,
Màláàmù Lawwali kọ ìlà kan sójú pátákó:
Ẹni tó dúpẹ́ ti fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà.
Ó nu ṣọ́ọ̀kì mọ́ bàbáńríga, ó ní ká lọ rò ó.

Èmi ọmọ télọ̀ ará Ọ̀ffà ní Sábó,
ọmọ ẹni tí ń kí "ẹ ṣé àná" fún oore èṣí,
mo rò ó. N kò sùn.
Nílé wa, ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́
burú ju olè lọ;
olè ṣì ń sá fún ilẹ̀ tó mọ́.

Ọyẹ́ dé. Wọ́n sun ìwé rẹ̀ lẹ́nu géètì.
Àáfà ní ó bú Ẹlẹ́dàá. Pásítọ̀ ní bẹ́ẹ̀ náà ni,
ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹnu wọn kò láàárín ìlú.
Ó ní, "Ọlọ́run kọ́ ni mo ń bá wí. Ọ̀gá ni."
Iná ń ta pàrà, ta ni yóò gbọ́?
Wọ́n gba àga rẹ̀. Ó lọ ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Tudun Wada.

Ó lé lógún ọdún. Ní Kubwa, sẹ́nétọ̀ gbẹ́ kànga,
wọ́n ní kí àwọn obìnrin kúnlẹ̀ kí kámẹ́rà lè rí wọn.
Ladi pọn omi tirẹ̀, ó gbé garawa rù.
"Owó wa ni," ó wí, ó bá tirẹ̀ lọ.
Kò gbọ́ orúkọ Màláàmù rí.

Kọmíṣánnà tó jẹ owó oṣù àwọn tíṣà gbọ́ ọ dáadáa,
ẹ̀gbẹ́ mi ló ń jókòó ní kíláàsì.
Wọ́n ní àwọn tó dìbò fún un dúró sẹ́nu ọ̀nà.
Ó rẹ́rìn-ín: "Èmi kì í dúpẹ́. Màláàmù ló kọ́ mi."

Alágbẹ̀dẹ rọ ọ̀bẹ,
kò bá a délé ẹni tó rà á.

Ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú.
Mo gbé ọsàn mẹ́fà lọ. Ó gbà á, kò sọ nǹkan kan,
mo sì jókòó, mò ń retí "na gode"
bí ẹni ń retí ṣéńjì.
Ó bó ọ̀kan, ó là á, ó na ìdajì sí mi.
"Ẹ ṣé, sà." Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀.
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró.
"Ṣebí ọsàn tìrẹ ni," ló wí.

Mo jẹ ẹ́. Ó kan díẹ̀.