Owó Ẹnubodè

Ní Andasibe, mo sanwó lẹ́nubodè,
wọ́n já rìsíìtì fún mi, mo kì í bọ àpò.
Mo rò pé ó parí.
A ò tíì rìn jìnnà tí eṣúṣú ti gun ìbọ̀sẹ̀ mi,
ó gba tiẹ̀, kò já nǹkan kan fúnni.

Voahirana ló ṣáájú, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, kò mú àdá.
"Bàbá bàbá mi ló mú àdá wá síbí," ó ní,
"ó dáná sun òkè yẹn, ó gbin ìrẹsì.
Ọdún mẹ́ta péré ni ilẹ̀ fi gbọ́ tiẹ̀."
Mo wo òkè náà. Koríko lásán.

Òjò. Ewé ń kán sórí ewé.
Mo gbójú sókè títí ọrùn fi ń ro mí,
n ò rí nǹkan kan, àfi ọ̀gà kan, kò ju èékánná lọ,
tó fi ojú kan wò mí,
tó ń fi èkejì wá ọ̀nà àsálà.

Lójijì, igbó ké.
Ohùn gígùn kan gba inú egungun àyà mi kọjá.
"Babakoto," Voahirana sọ ọ́ jẹ́jẹ́.
Mo gbọ́ "bàbá" nínú ẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀.
Èèwọ̀ wọn ni, wọn kì í pa á.

Ó wà ní ṣónṣó igi, dúdú òun funfun,
ó ń jẹ ewé, kò tilẹ̀ wo ibi tí a wà.
Fọ́tò tí mo fẹ́ yà, mo gbàgbé.

Lálẹ́ mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀:
ẹ̀jẹ̀ kékeré kan, ó rí roboto bí òǹtẹ̀.
N ò tètè fọ̀ ọ́.