Ohun Tí Páàdì Bi Ọwọ́ Òsì

Panṣẹ́kẹ́ ni mo ti rà á, tòkunbọ̀,
páàdì géèmù kan tí ojú rẹ̀ rí bìrìkìtì bíi ti òwìwí.
Kò ní igi ìdarí bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.
Àwo pẹrẹsẹ méjì ló ní, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì,
àti etí méjì lẹ́yìn, níbi tí ìka tí kò níṣẹ́ ń sùn sí.
Ẹni tó tà á ní, "Àǹtí, mi ò ní tàn yín,
ẹni mẹ́ta ló ti dá a padà."

Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, mo kú nígbà mẹ́tàdínlógún.
Mo ní kí ọkùnrin inú géèmù fò, ó jókòó.
Mo ní kó sá, ó gbójú sókè
bí àgbẹ̀ tó ń retí òjò.
Ṣẹ̀gilọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
rẹ́rìn-ín títí ó fi da gàrí sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta ni mo ṣèèṣì ṣí ojú-ewé kan
tó ń bi mí léèrè:
kí lo fẹ́ kí bọ́tìnì yìí máa ṣe?
Mo wò ó.
Kò sẹ́ni tó bi ọwọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí.

Ọlọ́wọ́ òsì ni mí.
Ní Ìkìjà, ìyá àgbà fi ọ̀já so ó mọ́ mi lẹ́yìn
kí n lè fi ọ̀tún jẹun bí ọmọ èèyàn.
Tíṣà fi rúlà na orí ìka rẹ̀.
Mo nà án gba ṣẹ́ńjì, awakọ̀ bú baba mi.
Àlùmágàjí tí mo fi ń ránṣọ jẹun pàápàá,
ọ̀tún ni wọ́n rọ ọ́ fún.
A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni:
mo gbọ́ ọ títí, tó jẹ́ pé bí àlejò bá bi mí lọ́nà,
àgbọ̀n ni mo fi ń tọ́ka.

Mo gbé ìrìn fún ọ̀tún.
Ìwò, ìfò, ọfà, ìlẹ̀kùn, mo kó wọn fún òsì.
Ó yá jù, mo dín in kù. Ó lọ́ra, mo bù kún un,
bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò.
Òru kan gbáko ni mo fi wá iṣẹ́ fún etí ẹ̀yìn.
Kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n lójijì o.
Mo ṣì ń kú. Ògiri kan wà tí mi ò tíì lè gùn,
àtàǹpàkò sì ń ro mí nídìí máṣíìnì.

Lánàá, Ṣẹ̀gilọlá ní, "Àǹtí, ilé tiwa dà níbẹ̀?"
Ọwọ́ òsì mi ti nà kí n tó mọ̀:
"Òun nìyẹn, lórí àpáta,
tí páànù rẹ̀ pọ́n bíi ti Ìkìjà."
Ó nà síbẹ̀, kò sẹ́ni tó so ó.

Ọmọ náà ní òun náà fẹ́ ta.
Mo gbé e fún un bí mo ṣe tò ó.
Ìṣísẹ̀ méjì, ó ti já sódò.
Èmi ni mo wá da gàrí nù.