Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Pupa

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí Sátidé ni mo ti iṣẹ́ alẹ́ dé,
òtútù Kọ́fẹ́ńtírì ṣì rọ̀ mọ́ jákẹ́ẹ̀tì mi.
Mo bá Ṣìjúwadé níwájú ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ pọ́n, ìka rẹ̀ ń sáré.
Ó pẹ́ kó tó rántí mi:
"Màámi, ẹ kú iṣẹ́. Ó ku méjì."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń lé ọkọ̀ pupa kan
tí wọ́n tì mọ́ inú eré-ìje orí ayélujára.
Ọgọ́rin ìje lèèyàn gbọ́dọ̀ jáwé olúborí
kí àgádágodo ó tó já.
Ó ti jẹ méjìdínlọ́gọ́rin.

Lánàá ni Dílan, ọmọ ilé kejì, tẹ káàdì ìyá rẹ̀,
pọ́n-ùn mẹ́sàn-án péré,
gbogbo gáréèjì là sílẹ̀ gbayawu.
Kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń yí kọ́nà.
Ó ń fi ọkọ̀ pupa gbá ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín.
Ọmọ mi ò tọrọ káàdì. Ohun tó bi mí ni pé,
"Ṣé òmùgọ̀ ni mí ni?"

Èèyàn ò lè dáhùn ìyẹn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.
Mo bọ́ bàtà, mo jókòó.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ bí ìyá. Mo fẹ́ ní ohun tí a ò bá jìyà fún —
ẹnu mi kọ̀ ọ́,
torí mo rántí Bàbá Hórọ́bìn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ aṣọ fún,
tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n so ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ̀
ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti wó, tí wọ́n fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ilé ìtajà.
Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn relé.

Mo rántí ara mi.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwakọ̀
lórí ọ̀nà tó yí àárín ìlú yìí ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí.
Ọkùnrin kan bá mi ní ibùdókọ̀, ó ní òun mọ obìnrin tó jọ mí,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin pọ́n-ùn, á bá mi ṣe é.
Mo kọ̀. Mo lọ lẹ́ẹ̀kẹrin. Mo yege,
mo ké débi pé olùdánwò di ìjókòó mú.

Ìyẹn dùn-ún sọ fún ọmọ.
Èyí tí kò dùn-ún sọ ni ìwé ìgbélùú:
ọdún mẹ́wàá ni mo fi ṣiṣẹ́ rẹ̀, lóru,
mo dé ẹnu ọ̀nà tán, wọ́n ní owó kọ́kọ́rọ́ dà.
Mo fi òógùn gbà á, mo tún fi owó rà á.
Irú eré wo nìyẹn?

Mo gbé e mì.
"O kì í ṣe òmùgọ̀. Máa wakọ̀ ẹ."

Ó jẹ ìkíní. Nínú ìkejì, ní kọ́nà tó kẹ́yìn,
ọ̀nà tutù, gbogbo wọn ń já lọ bí ẹni tí wọ́n lé,
ó dẹ ìka díẹ̀ ṣáájú wọn,
ó yọ́ kọjá bí ọṣẹ lọ́wọ́.
Ó mọ ibẹ̀ bí mo ṣe mọ àtẹ̀gùn Bàbá Hórọ́bìn nínú òkùnkùn.

Àgádágodo já. Ìràwọ̀ díẹ̀ fò lójú gíláàsì.
Ọkọ̀ pupa dúró níbẹ̀,
ó kéré sí bí mo ṣe rò.

Ó na páàdì sí mi: "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wà á."
Mo wà á ní ọgbọ̀n máìlì.
Mo dúró níbi iná pupa tí ẹnikẹ́ni ò kà sí,
mo wo ọ̀tún, mo wo òsì,
àwọn ọmọ tí n ò mọ̀ ń fun fèrè mọ́ mi láti gbogbo ayé.
Ṣìjúwadé fi ìrọ̀rí di ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo jáde láti lọ ra wàrà,
yìnyín ti bo Máíkírà mi lójú,
èyí tó ku gbèsè oṣù mọ́kànlá.
Mo yọ káàdì báńkì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha á.