Lẹ́yìn Táyà Tuntun

Bọ́ọ̀sì mi ni ilé mi láti Àtìní dé Àlàmísì:
bẹ́ẹ̀dì kan, sítóòfù kan, kọ́bọ́ọ̀dù tí kì í pa dé,
àpótí abẹ́rẹ́, ìgò òróró, bẹ́líìtì aláwọ.
Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ń tún ṣe,
láti Ìlọrin dé Ọ̀fà, láti Àjàṣẹ́ dé Òmù-Àrán.
Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú mi sí ni mo ń nà sí.

Lóṣù tó kọjá mo ná owó tí mo fi ọdún kan ṣà jọ:
táyà mẹ́rin, irun wẹ́wẹ́ ara wọn ò tíì já,
ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin nínú páálí, kì í ṣe tòkúnbọ̀.
Mo ní, kòtò ò ní mọ̀ pé mo kọjá.

Irọ́ ni.
Mi ò tíì kúrò ní Gáà-Àkàǹbí tí bọ́ọ̀sì ti ń wá ọ̀nà tirẹ̀.
Mo yí i sọ́tùn-ún, ó rò ó ná, kó tó gbà;
mo dá a padà, ó ti kọjá ibi tí mo ní kó dé.
Lẹ́bàá Ìdọ̀fìàn, tírélà kan sáré kọjá,
atẹ́gùn rẹ̀ gbá wa létí bí ọmọ aláìgbọràn.
Ìkòkò ọbẹ̀ fò kúrò lórí sítóòfù,
ẹ̀gúsí ya àwòrán sára kọ́tìnì.
Mo di sítíárìn mú bí ẹni di ìwo màlúù mú.
Ogójì ni mo ń sá. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń fọn fèrè lẹ́yìn mi.

Gbogbo ayé di mẹkáníìkì.
Sàádù tó ta táyà ní ṣọ́ọ̀kì ni.
Ẹni tó de ṣọ́ọ̀kì ní táyà ni, ó fi Kùránì búra.
Ìyá kan tí mo gbé ní Àjàṣẹ́ ní kí n bi ara mi ẹni tí mo ṣẹ̀.
Aláyìnmẹ́ǹtì gbowó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó ti gún.
Ó gún lóòótọ́, nígbà tó dúró.

Wọ́n wá júwe Baba Kùrángà fún mi, lẹ́yìn Gẹ̀rí Àlímì,
tó ti ń lu sípíríǹgì kí wọ́n tó máa pe ibí ní Kúwárà.
Kò wo táyà. Kò wo ṣọ́ọ̀kì.
Ó jókòó lórí ríìmù kan lọ́ọ̀ọ́kán,
ó ní kí n wà á lọ, kí n wà á bọ̀,
ó ń wò ó bí ẹni ń wo ìrìn ìyàwó ọmọ rẹ̀.
Lẹ́yìn náà: "Kí lo kó sẹ́yìn?"
Mo ní kò sí nǹkan.
"Kò-sí-nǹkan yìí wúwo o."

Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.
Dúrọ́ọ̀mù omi, ó kún dé ẹnu.
Àpò irin àlòkù mẹ́ta tí mo ní n ó tà.
Àti ẹ̀rọ Àsímáwù ìyá mi, orí irin, ẹsẹ̀ irin,
tí kò rán ohunkóhun láti ọdún tó ti lọ.
Gbogbo wọn kọjá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n rọ̀ dẹ̀dẹ̀.
"Ìdí wúwo, imú gbéra," ni Baba wí.
"Iwájú tí kò tẹ ilẹ̀, kí lo fẹ́ kó gbọ́?
Bàtà tuntun kì í wo ẹsẹ̀ tó ń tiro."
Ó ki gééjì bọ ẹnu táyà: ọgbọ̀n péré lẹ́yìn.
Fọganáísà ti fi àtàǹpàkò wọn án.

A fẹ́ ẹ dé ibi tó yẹ. A pààrọ̀ búùṣì méjì tó ti jẹ tán.
Baba ra àwọn irin náà ní iye tó wù ú.
Dúrọ́ọ̀mù bọ́ sí àárín, a da ìlàjì omi nù.
Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ ìyá mi. "Èyí ńkọ́?"
Mi ò dáhùn. Kò bi mí mọ́.
Àwa méjèèjì la gbé e wá sẹ́yìn sítì mi,
mo fi bẹ́líìtì dè é.

Tírélà mìíràn kọjá ní Ìdọ̀fìàn.
Bọ́ọ̀sì gbọ̀n, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ìkòkò ò mira.
Ó ṣì ń fà sósì bí mo bá tẹ bíréékì;
ìyẹn di oṣù tó ń bọ̀.
Ọlọ́pàá dá mi dúró, ó ní èrò mélòó.
Mo ní ẹnìkan.
Ó tan tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn mi, ó pa á,
ó ní kí n máa lọ.