Kí Epo Inú Rẹ̀ Balẹ̀

Àtẹ̀gùn ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́ta
ló wà láàárín ilé wa àti ojú títì.
Mo ti ń kà á láti kékeré,
nígbà tí bàbá ń gbé ẹja gòkè, tí omi iyọ̀ ń kán sí mi lọ́rùn.

Ní Valparaíso, ilé ń so mọ́ òkè
bí agbọ́n ṣe ń kọ́lé mọ́ àjà.
Páànù ni ògiri. Ọ̀dà tó ṣẹ́kù lára ọkọ̀ ojú omi la fi kùn ún.
Afẹ́fẹ́ òkun kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.

Orúnkún ìyá mi Ercilia ti kọ òkè.
A rí yàrá méjì fún un nísàlẹ̀.
Ó gbà kí a kó ibùsùn, kí a kó àga.
Ṣùgbọ́n fìríìjì? "Ẹ ò gbọdọ̀ yọ wáyà rẹ̀."

Baudilio wá wo ẹrù lọ́jọ́ Jímọ́.
Èjìká rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ:
ogójì ọdún ló ti fi ń ru dùùrù àti kọ́bọ́ọ̀dù àwọn òkú.
Ó gbá fìríìjì níhà bí ẹni ń kí màlúù.
"Ìyá, ẹ yọ wáyà lónìí, kí yìnyín yọ́ tán.
Ẹrù tí omi ń mì nínú rẹ̀
kì í gbọ́ ti ẹni tó rù ú."

Ìyá mi ò dáhùn. Èmi ni mo tọwọ́ bọ ẹ̀yìn gan-an,
lábẹ́ yìnyín tó le bí òkúta:
ẹja kan nínú ọ̀rá, ó gùn tó apá mi,
ọjọ́ wà lára rẹ̀, bàbá ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.
Ní ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ rẹ̀ padà wálé láìsí i nínú rẹ̀.
Ọdún méjì. Èmi ń ráhùn lórí owó iná.

Ìyá gé àlùbọ́sà, ó da wáìnì díẹ̀ sí i.
Ẹja náà ti gbẹ bí òwú, a jẹ ẹ́ tán.
Baudilio jẹ níbẹ̀; ó ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀.
Òótọ́ ni. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Wọ́n fi téèpù lẹ ilẹ̀kùn rẹ̀ pa,
wọ́n fi kúbùsù wé e bí ọmọ tuntun.
Baudilio fi bẹ́líìtì gbá a mọ́ ẹ̀yìn, ó tẹ̀ ba, ó mí, ó dìde.
Wladimir ọmọ rẹ̀ ń fi okùn fà á sẹ́yìn láti òkè,
èmi ń lọ níwájú, mò ń ké ohun tí mo bá rí:
"Ìgbẹ́ ajá. Ìkòkò òdòdó. Èyí ti là láàárín.
Ẹ dúró ná, ọmọ kan ń bọ̀."
Ní àtẹ̀gùn kẹtàléláàádọ́rùn-ún, ibi tí igun ti há,
ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀.
Okùn le dandan. Wladimir jókòó gbì.
Fìríìjì tẹ̀ síbìkan, ó rò ó wò,
ó dúró.
Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.
Wọn ò sọ iye ìgbà tí àyà yóò já kó tó rí bẹ́ẹ̀.

Nísàlẹ̀, a gbé e nàró sí igun tuntun.
Ìyá ti mú wáyà lọ́wọ́, ó ń wá ihò iná.
"Rárá o. Wákàtí mẹ́rin, ìyá.
Epo inú ẹ̀rọ ti ṣàn lọ síbi tí kì í ṣe tirẹ̀.
Ẹ jẹ́ kó padà sáyè rẹ̀. Bí ẹ bá tan án báyìí, yóò kú."
Ó ka owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ.

Ìyá gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wáyà wà lórí itan.
Nígbà tó di wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀, mo ní ó ti tó.
Ó mirí. "Mẹ́rin ló sọ."

Ó ké kùùù, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.
Ìyá yọ ọ̀rá kan nínú àpò aṣọ rẹ̀.
Ó ti fọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí bàbá kọ ṣì hàn lára rẹ̀.
Ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn gan-an,
ó ti ilẹ̀kùn.